Wíwá ògbufọ̀ Hébérù sí Jámánì fún ìpàdé ìmọ̀ àwùjọ ní Leipzig: bí ó ṣe lọ

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ kúrú lórí ìwé: kí n wá ògbufọ̀ tó ń gbọ́ Hébérù tó sì ń sọ Jámánì, fún ìpàdé ọlọ́jọ́ méjì ní Leipzig, ìlú kan ní Jámánì. Ìpàdé ìmọ̀ àwùjọ ni, lórí àwọn Júù tó kúrò ní Soviet Union àtijọ́ tí wọ́n ti darúgbó báyìí, apá kan ní Jámánì, apá kan ní Ísírẹ́lì. Èmi ni mo ń ṣètò rẹ̀. Mò ń kọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ sílẹ̀ ní kíkún torí ó wù mí kí ẹni tó bá tún fẹ́ ṣe irú ẹ̀ rí ibi gbá mú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ìwádìí náà dá lé, torí òun ló pinnu irú ògbufọ̀ tí a nílò. Láti ọdún 1991 ni Jámánì ti ń gba àwọn Júù láti Soviet Union wọlé lábẹ́ orúkọ tí wọ́n fún wọn, Kontingentflüchtlinge. Nígbà tí òfin ìwọ̀lú tuntun fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2005, àwọn àti ẹbí wọn tó ti wọlé ti lé ní 200,000. Àwọn tó gba Ísírẹ́lì lọ láti 1989 wá tó mílíọ̀nù kan. Ẹnjiníà wà nínú àwọn tó wá sí Jámánì, dókítà wà, olùkọ́ wà, ṣùgbọ́n ọdún tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ ní Kharkiv tàbí Odesa ní Ukraine kò wọ ìṣirò owó ìfẹ̀yìntì Jámánì. Àwọn ìran Jámánì tó ti Soviet Union padà wá, tí wọ́n ń pè ní Spätaussiedler, òfin Fremdrentengesetz ń bá wọn ka ọdún iṣẹ́ tiwọn, kì í ka ti àwọn Júù. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà Júù fi ń gbé lórí Grundsicherung, owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún arúgbó tí owó tó ń wọlé fún un kò gbọ́ bùkátà. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti ń ké, ìjọba àpapọ̀ gbé owó àkànṣe kan kalẹ̀, 2,500 yúrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ẹni tó bá yẹ. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn wọ́n dọ́kàn, ẹni tó bá sì máa ṣe ògbufọ̀ níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan.

Ẹni tí gbogbo wa ń dúró dè ni ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kan láti Negev, ní gúúsù Ísírẹ́lì, tó ti ń bá àwọn arúgbó wọ̀nyí ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú ní 1990. Wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, wọ́n sì ń fi kọ̀wé. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ wa ní kí wọ́n kúkú fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀, kí gbogbo wa sinmi. Èmi kò fara mọ́ ọn. Nígbà tí mo bi ọ̀jọ̀gbọ́n náà fúnra wọn, wọ́n ní àwọn lè ka bébà ní Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá bi àwọn nípa ohun tí àwọn rí nínú yàrá àwọn arúgbó, Hébérù nìkan ló máa ń jáde. Àwọn tó ń bọ̀ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ńkọ́? Ó ju ìdajì wọn lọ tó jẹ́ òṣìṣẹ́ wẹ́fíà àti àwọn àgbàlagbà inú ìjọ Júù. Jámánì ni wọ́n fi ń bá ara wọn gbé nílùú náà, Rọ́ṣíà ni wọ́n ń sọ nílé. Gẹ̀ẹ́sì kò sí níbẹ̀. Ẹnìkan dá a lábàá pé kí a fi Rọ́ṣíà ṣe gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀jọ̀gbọ́n náà jẹ́ ọmọ ìdílé tó ti Morocco wá, wọn ò gbọ́ Rọ́ṣíà, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn olùwádìí Jámánì.

Kí n tó kọ ímeèlì sí ẹnikẹ́ni, mo pe àwọn olùwádìí jọ kí a fi ẹnu kò lórí ohun tí ògbufọ̀ náà yóò ṣe gan-an. Ìpàdé yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo wíwá náà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ jẹ́ ti bébà kíkà: ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò ní dúró, ògbufọ̀ yóò wà nínú àgọ́, ìyẹn yàrá kóńkó tí ó ti ń fi ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ sí etí àwọn olùgbọ́, yóò máa sọ bí ó ṣe ń gbọ́. Ẹnìkan kì í dá irú iṣẹ́ yẹn ṣe. Láàárín ìṣẹ́jú 20 sí 30 ni wọ́n máa ń gba ara wọn sílẹ̀, torí ọpọlọ kò lè ru u jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Nítorí náà ẹni méjì ni à ń wá, a kò wá ẹnìkan. Ọjọ́ kejì jẹ́ ti ìjíròrò pẹ̀lú àwọn àgbàlagbà, nínú yàrá kékeré: níbẹ̀, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yóò sọ díẹ̀, yóò dúró, ògbufọ̀ yóò wo ohun tó kọ sínú ìwé kékeré ọwọ́ rẹ̀, yóò sì sọ ọ́ padà. Ọ̀tọ̀ ni ọgbọ́n tí èyí ń béèrè.

Ohun mìíràn tún jáde níbẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń pe iṣẹ́ náà ní “Hébérù sí Jámánì”, ṣùgbọ́n bí àwọn ará Leipzig bá béèrè ìbéèrè, Jámánì ni wọn yóò fi béèrè, ọ̀jọ̀gbọ́n sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ ní Hébérù. Àwọn ọ̀nà méjèèjì kò dọ́gba. Nínú Jámánì, ọ̀rọ̀-ìṣe máa ń gbẹ́yìn gbólóhùn lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó ń gbé e lọ sí Hébérù ní láti dúró dè é, kí ó di gbogbo ìyókù mú lọ́kàn títí yóò fi dé. Àwọn ògbufọ̀ ìpàdé fúnra wọn ń pín èdè wọn sí A, B àti C: A ni èdè abínibí, B ni èyí tí wọ́n lè sọ jáde bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò bí wọn sínú rẹ̀, C ni èyí tí wọ́n ń gbọ́ láti inú rẹ̀ nìkan. Pẹ̀lú èyí lọ́wọ́, mo lè kọ ohun tí à ń wá ní gbólóhùn kan: ẹni méjì, kí ọ̀kan ní Jámánì bíi A, kí èkejì ní Hébérù bíi A, kí àwọn méjèèjì sì ti bá àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà tàbí olùwádìí àwùjọ ṣiṣẹ́ rí.

Ní Jámánì, òfin kò dá ẹnikẹ́ni dúró láti pe ara rẹ̀ ní Dolmetscher, ìyẹn ògbufọ̀. Ohun tó ń ya èèyàn sọ́tọ̀ ni ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́, ìbúra níwájú ilé-ẹjọ́, tàbí ẹgbẹ́ tó gbà á wọlé. A wo àkójọ orúkọ àwọn tó ti búra, justiz-dolmetscher.de, èyí tí àwọn ìpínlẹ̀ Jámánì jọ ń lò. A wo ti BDÜ, ẹgbẹ́ tó tóbi jù láàárín àwọn ògbufọ̀ àti atúmọ̀ èdè níbẹ̀, tó ti wà láti 1955. A wo ti AIIC, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn ògbufọ̀ ìpàdé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1953. Orúkọ tó ní Hébérù kò pọ̀ nínú èyíkéyìí wọn.

Mo pe àwọn tó ti búra. Wọ́n mọṣẹ́, kò sí àní-àní, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìwé ló kún ọwọ́ wọn. Abala 116 nínú òfin ìpìlẹ̀ Jámánì fún àwọn tí ìjọba Nazi gba ẹ̀tọ́ ọmọ-ìlú lọ́wọ́ wọn, àti ìran wọn, láǹfààní láti gbà á padà. Ìwé ìbí àti ìwé ìgbéyàwó láti Ísírẹ́lì ni àwọn atúmọ̀ náà ń bá yí láti àárọ̀ dalẹ́. Obìnrin kan láàárín wọn sọ fún mi láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé òun kò wọ àgọ́ ògbufọ̀ rí, òun kò sì ní bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn arúgbó wa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gidigidi. Ìbúra ilé-ẹjọ́ ń sọ pé ẹni náà ṣeé gbára lé níwájú adájọ́. Kò sọ pé ó ti gbọ́ bí àwọn olùwádìí ṣe ń jiyàn rí.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń báni wá ògbufọ̀ fèsì kíákíá. Iye owó wọn dé kí wọ́n tó bi mí nípa ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tàbí ohun tó fẹ́ sọ, ìyẹn sì ti kọ mí lóminú. Nígbà tí mo ka ìdí ìwé náà, mo rí i pé ohun tí wọ́n ń tà fún wa ni kí ẹnìkan gbé Hébérù sí Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹlòmíràn nínú àgọ́ kejì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yẹn kí ó gbé e sí Jámánì. Wọ́n ń ṣe é káàkiri àgbáyé níbi tí èdè bá ti pọ̀, ó sì wúlò níbẹ̀. Fún tiwa, kò yẹ. Ọ̀rọ̀ yóò pẹ́ kí ó tó dé etí àwọn àgbàlagbà, àṣìṣe ẹni àkọ́kọ́ yóò di àṣìṣe ẹni kejì, ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n fi Hébérù sọ nípa ìgbé ayé àwọn èèyàn wọn yóò sì ti kọ́kọ́ wọ aṣọ Gẹ̀ẹ́sì kí a tó rí i. Mo kọ̀ ọ́.

Àwọn kan rò pé mo ń le koko jù. Mo rán wọn létí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù ní 1961, níbi ìgbẹ́jọ́ Adolf Eichmann, ọ̀gá Nazi tó ṣètò kíkó àwọn Júù lọ síbi tí wọ́n ti pa wọ́n. Hébérù ni èdè ilé-ẹjọ́, wọ́n sì ń gbé e sí Faransé, Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì lójú ẹsẹ̀. Hannah Arendt, òǹkọ̀wé Júù tí wọ́n bí ní Jámánì, tó jókòó níbẹ̀ fún ìwé ìròyìn The New Yorker, kọ ọ́ pé ti Faransé dára gan-an, ti Gẹ̀ẹ́sì ṣeé fara dà, ti Jámánì ló burú jù, débi pé lọ́pọ̀ ìgbà kò yé èèyàn. Ó ní Jámánì yìí sì ni èdè kan ṣoṣo tí ẹni tí wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ àti agbẹjọ́rò rẹ̀ gbọ́. Ohun tó ya Arendt lẹ́nu ni pé orílẹ̀-èdè tí àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní Jámánì kún inú rẹ̀ kò rí ẹni tó lè ṣe é. Bí wọ́n bá lè ṣaláìní nígbà yẹn, nígbà tí ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì wà ní gbogbo òpópónà Tel Aviv àti Haifa, kí ló mú wa rò pé ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti gbọ́ méjèèjì yóò tó?

Bákan náà ni mo ṣe dá akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Ísírẹ́lì kan tó ń gbé Berlin lóhùn nígbà tó yọ̀ǹda ara rẹ̀. Ọmọ náà mọ ìmọ̀ àwùjọ dénú, èdè méjèèjì yọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Mo ní kí ó má wọ àgọ́, ṣùgbọ́n kí ó bá wa múra sílẹ̀, a ó sì sanwó fún un. Ibi tó wúlò dé yóò hàn láìpẹ́.

Ibi tí ọ̀nà ti là ni ìgbà tí mo fi àwọn àkójọ orúkọ sílẹ̀, tí mo bi ara mi pé: àwọn wo ló ti ń mú àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà Jámánì àti ti Ísírẹ́lì jókòó pọ̀ tipẹ́? Pàṣípààrọ̀ àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ wọn láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì ti lọ́jọ́ lórí; àwọn èèyàn ti ń lọ kí àwọn ìjọba tó bá ara wọn ṣe àjọṣe aṣojú ní 1965 pàápàá. Aktion Sühnezeichen, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1958, ti ń rán ọ̀dọ́ Jámánì lọ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní Ísírẹ́lì láti 1961, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ilé àwọn arúgbó. Láti 2001 sì ni ConAct ti wà ní Wittenberg, tó ń ṣètò pàṣípààrọ̀ àwọn ọ̀dọ́ Jámánì àti Ísírẹ́lì. Níbi irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ni ògbufọ̀ Hébérù àti Jámánì ti ń kọ́ ọ̀rọ̀ ilé arúgbó, ọ̀rọ̀ owó ìrànwọ́, ọ̀rọ̀ ọmọ aláìlóbìí, láì sí ìwé tó kọ́ wọn. Nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn tó ti ṣètò irú ìpàdé yẹn rí: ta ni ẹ gbé, ṣé ẹ ó tún gbé e? Ìbéèrè kejì yẹn ló níye lórí. Orúkọ díẹ̀ péré ló ń padà wá, àwọn kan náà sì ni, láti ẹnu àwọn tí kò mọ ara wọn.

N kò fún ẹnikẹ́ni ní ìdánwò bí ọmọ iléèwé. Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, mo fi ohùn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn kan ránṣẹ́ sí àwọn tí a ń rò, mo ní kí wọ́n gbọ́ ọ, kí a wá sọ̀rọ̀ lórí fídíò. Ọkùnrin kan ní òun ti gbọ́, kò sí ìṣòro rárá. Obìnrin ará Jámánì kan wá pẹ̀lú ìwé tó kún fún ìbéèrè. Ó ní ọ̀jọ̀gbọ́n ń sọ “hostel” léraléra. Ṣé ilé tí ìjọba Ísírẹ́lì ń kó àwọn arúgbó tó ṣí wọ̀lú sí ni? Torí bí òun bá fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ará Jámánì yóò rò pé àwọn arúgbó ń sùn níbi tí àwọn ọ̀dọ́ arìnrìn-àjò ń sùn. Ó ní nígbà àkọ́kọ́ òun yóò sọ ọ́ ní kíkún, lẹ́yìn náà òun yóò gé e kúrú. Ó tún béèrè ọjọ́ orí àwọn tí yóò jókòó nínú yàrá, àti bóyá àwọn kan nínú wọn kò gbọ́rọ̀ dáadáa mọ́, kí òun lè mọ bí òun yóò ṣe máa sáré tó. Ó tó bẹ́ẹ̀ fún mi. Òun fúnra rẹ̀ ló mú ẹnìkejì rẹ̀ wá, ọmọ Haifa tó ti pẹ́ ní Berlin, tí wọ́n ti jọ jókòó nínú àgọ́ kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá rí irú méjì bẹ́ẹ̀ kí ó má yà wọ́n.

Ọ̀rọ̀ owó gba àlàyé ní ọ́fíìsì ìnáwó. Wọ́n fà òfin JVEG yọ, èyí tí ilé-ẹjọ́ fi ń sanwó fún ògbufọ̀, tó jẹ́ 85 yúrò ní wákàtí kan láti 2021 kí wọ́n tó tún gbé e sókè. Mo ṣàlàyé pé ọjọ́ ni wọ́n fi ń ka iṣẹ́ ìpàdé, pé ìmúrasílẹ̀ wà nínú owó náà, pé ti àgọ́ àti ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ tún dá dúró. Nígbà tí wọ́n rí i bí iṣẹ́ ìmúrasílẹ̀ ṣe pọ̀ tó, wọ́n fọwọ́ sí i. A fi ìpàdé sí Wednesday àti Thursday kí àwọn àlejò Ísírẹ́lì tó ń pa Sábáàtì mọ́ lè délé kí oòrùn tó wọ̀ ní Friday.

Ìmúrasílẹ̀ náà rèé. Hébérù tí wọ́n ń kọ lójoojúmọ́ kì í ní àmì fáwẹ́lì. Ọmọ onílẹ̀ kò níṣòro nínú ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ àjèjì tí a kọ bẹ́ẹ̀ sórí sláìdì lè ní ọ̀nà mẹ́ta tí a fi lè pè é, nínú àgọ́ kò sì sí àyè láti ronú. Akẹ́kọ̀ọ́ Berlin wa jókòó ti sláìdì ọ̀jọ̀gbọ́n, ó kọ gbogbo orúkọ síwájú àwọn ògbufọ̀ ní lẹ́tà méjèèjì: àwọn onímọ̀ àwùjọ bíi Karl Mannheim, Alfred Schütz, Shmuel Eisenstadt, àti àwọn ìlú Negev, Ofakim, Dimona, Netivot. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún òǹkà náà. Bí a bá fẹ́ sọ 47, Hébérù ń sọ ogójì kí ó tó sọ méje, Jámánì ń sọ méje kí ó tó sọ ogójì. Níbi tí ìdá-nínú-ọgọ́rùn-ún bá ti ń tẹ̀lé ara wọn, ojú ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ rí òǹkà náà lórí ìwé. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò fẹ́ràn kí wọ́n máa ka ọ̀rọ̀ jáde láti inú ìwé, n kò sì rọ̀ wọ́n láti ṣe é. Wọ́n gbà láti bá àwọn ògbufọ̀ méjèèjì sọ̀rọ̀ ní alẹ́ tó ṣáájú ìpàdé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jókòó pẹ́ gan-an.

Lọ́jọ́ kejì, ṣáájú ìjíròrò, alága ṣàlàyé fún àwọn àgbàlagbà pé bí ògbufọ̀ bá ní “èmi”, ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń sọ̀rọ̀. Àlàyé yẹn pọn dandan. Ìyá àgbà kan, ẹnjiníà tẹ́lẹ̀ ní Kharkiv, béèrè bóyá wọ́n ka ọdún iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n àwọn tó wà ní Ashdod, ní Ísírẹ́lì. Wọ́n sọ ọ́ ní Jámánì tó ń lọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń dúró, wọ́n ń wá ọ̀rọ̀. Ọmọ Haifa náà kò sáré ṣíwájú wọn, kò sì tún gbólóhùn wọn ṣe kó dán ju bí wọ́n ṣe sọ ọ́ lọ. Ó gbé e lọ sí Hébérù pẹ̀lú ìdúró inú rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n dáhùn pé rárá, ọdún Soviet kò wọ ìṣirò níbẹ̀ náà. Pé owó arúgbó àkànṣe ni Bituach Leumi, àjọ ìjọba Ísírẹ́lì tó ń san owó ìrànwọ́, ń san fún ẹni tó ti dàgbà kó tó wọ̀lú, kì í sì í pọ̀. Pé ohun tó yàtọ̀ ni pé kò sí ẹgbẹ́ mìíràn tó dé lọ́jọ́ kan náà láti ibì kan náà tí wọ́n ń ka tirẹ̀. Obìnrin ará Jámánì náà gbé e wọlé ní gbólóhùn mẹ́ta tó mọ́ kedere. Ìyá náà mi orí, wọ́n ní ohun tí àwọn fẹ́ gbọ́ nìyẹn, lẹ́yìn náà ni àwọn ìyókù bẹ̀rẹ̀ sí í nawọ́ sókè.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹni tó ń ṣe ìwádìí. Ohun tí ògbufọ̀ bá sọ nínú yàrá wà fún àwọn tó jókòó síbẹ̀. Kì í ṣe ohun tí olùwádìí lè fà yọ nínú bébà bí ẹni pé ọ̀jọ̀gbọ́n tàbí ìyá àgbà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà a gba ohùn sílẹ̀ lọ́nà méjì, ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, ohùn ògbufọ̀ lọ́tọ̀, gbogbo wọn sì fọwọ́ síwèé àṣẹ, títí kan àwọn ògbufọ̀, torí ohùn wọn náà wà lábẹ́ òfin DSGVO tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ ẹni láti 2018. Fífi fáìlì ránṣẹ́ sí Ísírẹ́lì kò ní wàhálà púpọ̀: àjọ Yúróòpù ti gbà láti 2011 pé ààbò tí òfin ibẹ̀ ń ṣe fún ọ̀rọ̀ ẹni tó ohun tí à ń béèrè. Atúmọ̀ èdè mìíràn ló ń kọ ohùn Hébérù náà sílẹ̀ báyìí, gbólóhùn sí gbólóhùn, tó sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún ìwé ìwádìí.

Apá kejì iṣẹ́ náà yóò wáyé ní Be'er Sheva, ìlú kan ní Negev, níbi tí àwọn ará Leipzig yóò ti sọ̀rọ̀ ní Jámánì tí gbogbo yàrá yóò sì máa gbọ́ ní Hébérù. Ẹrù ọ̀nà yẹn yóò wà lórí ọmọ Haifa jù, ó sì ti ní kí a wá ẹnìkan tí Hébérù jẹ́ èdè abínibí rẹ̀ kún wọn. Mo ti kọ̀wé sí àwọn tí mo bi léèrè nígbà àkọ́kọ́.